Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú GRE: ṣé kí n há ọ̀rọ̀ 3,000 sórí ni?

Adéwálé_Ògbómọ̀ṣọ́ béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ṣe GRE, ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ilé ìwé gíga ń lò láti gba èèyàn wọlé, nítorí másítàsì ní Amẹ́ríkà, ó sì ku oṣù mẹ́ta. Ìṣirò kò bà mí lẹ́rù, Verbal, ìyẹn apá ọ̀rọ̀ àti àyọkà Gẹ̀ẹ́sì, ni wàhálà mi. PDF kan wà lọ́wọ́ mi tó ní ọ̀rọ̀ 3,000 láti A dé Z, ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan wà níwájú rẹ̀. Bí mo bá fọwọ́ bo ìtumọ̀ náà, mo lè kà á lórí. Àmọ́ bí mo bá pàdé ọ̀rọ̀ kan náà nínú gbólóhùn ìdánwò, ńṣe ló máa ń dojú rú.

Ṣé kí n ka PDF yìí tán ni? Ṣé kíkọ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ láti inú èdè Látìnì wúlò? Ṣé kí n máa kọ ìtumọ̀ Yorùbá sí ẹ̀yìn káàdì tí èèyàn fi ń kọ́ ọ̀rọ̀? Ọ̀rọ̀ mélòó ló sì yẹ lójúmọ́? Ẹ ṣeun.

Tíṣà_Verbal fèsì:

Ẹ pa PDF yẹn tì ná. Ó jọ pé ìdánwò àtijọ́ ni wọ́n kọ ọ́ fún. Kó tó di oṣù Kẹjọ 2011, GRE máa ń fúnni ní ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pé kí a wá òdì rẹ̀, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ méjì wé ọ̀rọ̀ méjì mìíràn. Nígbà yẹn, ẹni tó há ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan sórí lè fi kó máàkì. Wọ́n ti yọ irú ìbéèrè méjèèjì kúrò, ṣùgbọ́n àwọn ìwé ọ̀rọ̀ gígùn tí wọ́n ṣe nítorí wọn ṣì ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. ETS tó ń ṣe ìdánwò náà kò ní àkójọ ọ̀rọ̀ kankan tó sọ pé inú rẹ̀ ni ìbéèrè yóò ti wá.

Láti ọjọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án 2023 ni wọ́n ti gé ìdánwò náà kúrú, kò tó wákàtí méjì mọ́. Ìsọ̀rí méjì ni Verbal: ìbéèrè 12 ní ìṣẹ́jú 18, lẹ́yìn náà ìbéèrè 15 ní ìṣẹ́jú 23. Bí ẹ bá ṣe ṣe sí ní ìsọ̀rí kìíní ló máa pinnu bí èkejì yóò ṣe le tó. Nǹkan bí ìdajì ìbéèrè wọ̀nyí jẹ́ àyọkà. Èyí tó kù ni Text Completion, tó ní àlàfo kan sí mẹ́ta tí a ó dí, àti Sentence Equivalence, níbi tí a ti ń mú ọ̀rọ̀ méjì nínú mẹ́fà fún àlàfo kan. Kò sí ọ̀rọ̀ tó dá dúró mọ́. Gbólóhùn ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ tí òun ń fẹ́.

Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ bíi 600 tí ẹ mọ̀ tinú-tòde fi máa gbè yín ju 3,000 tí ẹ kàn mọ orúkọ wọn lọ.

Ẹ wo *frugal* àti *parsimonious*. PDF yín á kọ "ẹni tí kì í náwó" síwájú àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n *frugal* ń yìn ín ni, pé ó mọ owó í ṣọ́ ná. *Parsimonious* ń bú u, pé ahun ni. Tí gbólóhùn bá sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ ń kan sáárá sí ọ̀gá wọn nítorí bó ṣe ń ṣọ́ owó ilé iṣẹ́, *parsimonious* kò ríbi wọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá kọ́, ẹ fi àmì + sí i bí ó bá jẹ́ ìyìn, − bí ó bá jẹ́ àbùkù, 0 bí kò bá sí nínú méjèèjì. Ẹ tún wo bó ṣe le tó: *displeased* àti *livid* jọ ń bínú, ṣùgbọ́n ti *livid* ti kọjá ohun tí a lè fi ẹnu lásán pẹ̀tù sí. Kí ẹ sì wo ohun tí ọ̀rọ̀ náà máa ń bá rìn. Ènìyàn tí inú ń bí la máa ń *mollify*, ewu tàbí ìpalára la máa ń *mitigate*. Ẹni tó bá pààrọ̀ wọn, bó tilẹ̀ mọ̀ pé ìrọ̀rùn ni méjèèjì ń sọ, yóò fi máàkì sílẹ̀.

Èyí tó ń gba máàkì lọ́wọ́ àwọn èèyàn wa jù ni ọ̀rọ̀ kékeré tí wọ́n ti mọ̀ láti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó wá gbé ìtumọ̀ kejì wọlé. Ẹ wo *flag* gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ ìṣe: ó ti ń rẹ̀ ẹ́, agbára rẹ̀ ń tán lọ. *Wanting*: kò tó, nǹkan kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. *Pedestrian*, tí kì í ṣe ẹlẹ́sẹ̀ ojú títì: gbáàtúù, kò ní ohun àrà kankan. *Check* àti *arrest*: dí i lọ́wọ́, dá a dúró. *Temper*: dín gbígbóná rẹ̀ kù. *Champion*: gbèjà. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín bó ṣe máa ń ṣiṣẹ́:

*The minister's report was hardly ______: every claim in it was qualified at least twice.*

Wọ́n tò ọ̀rọ̀ márùn-ún: *unequivocal, tentative, pedantic, verbose, partisan*.

Àmì kólọ́ọ̀nù yẹn ń sọ pé ohun tó tẹ̀ lé e ló ń ṣàlàyé ohun tó ṣáájú. *Qualified* níbí kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú ẹni tó kúnjú òṣùwọ̀n. Ohun tó ń sọ ni pé wọ́n fi "àyàfi" àti "ó ṣeé ṣe" gé ọ̀rọ̀ náà kù, pé kò dájú gbangba. Nígbà náà, *hardly* yí i padà: ìròyìn náà kì í ṣe ______. Ohun tí a ń wá ni ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ó dájú, kò fì síbì kankan", ìyẹn *unequivocal*. Ẹni tí ojú rẹ̀ fo *hardly* yóò mú *tentative*. Ẹ kíyè sí i pé *hardly* àti *qualified* ló gbé ìbéèrè yìí ró, kò sì sí èyí nínú wọn tó lè wà nínú PDF yín.

Ọmọ_Aké fèsì:

Lórí ọ̀rọ̀ gbòǹgbò: ó wúlò, ṣùgbọ́n láti so ọ̀rọ̀ tí ẹ ti mọ̀ pọ̀ ni, kì í ṣe láti méfò. Ẹ mú *loqu* tàbí *locut*, tó jẹ mọ́ sísọ̀rọ̀: *loquacious, eloquent, circumlocution, grandiloquent*. Ẹ mú *greg*, tó jẹ́ agbo ẹran: *gregarious* ni ẹni tó fẹ́ràn àwùjọ, *segregate* ni kí a yà wọ́n kúrò nínú agbo, *egregious* ni ohun tó burú débi pé ó yọ láàrin agbo. Irú ìdílé bẹ́ẹ̀ 30 sí 40 tó. Èyí tó bá kọjá ìyẹn, àkókò lẹ ń fi ṣòfò.

Àwọn tó bá fi gbòǹgbò méfò nínú yàrá ìdánwò ni *enervate* máa ń mú. Ó jọ *energy*, òdì rẹ̀ gan-an ló sì túmọ̀ sí: kí a fa agbára yọ kúrò lára èèyàn. *Restive* kò ní ìsinmi kankan nínú, ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ ni. *Noisome* kò kan ariwo, ohun tó ń rùn tàbí tó ń pa ni lára ni. *Meretricious* jọ *merit*, ṣùgbọ́n ohun tó ń dán lójú tí kò ní láárí ni, láti ọ̀rọ̀ Látìnì tó túmọ̀ sí aṣẹ́wó. Ẹ kọ irú wọn bẹ́ẹ̀ sójú ìwé kan lọ́tọ̀. Àwọn tó ń ṣe ìdánwò mọ̀ pé ibẹ̀ ni èèyàn máa ń ṣubú sí.

Káàdì_Lójoojúmọ́ fèsì:

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ dojú rú fún yín ni pé ọ̀nà kan ṣoṣo lẹ fi kọ́ ọ: ẹ rí ọ̀rọ̀, ẹ sọ ìtumọ̀. Ìdánwò ń gba òdìkejì rẹ̀: ẹ rí gbólóhùn, ẹ wá ọ̀rọ̀. Nítorí náà gbólóhùn ni kẹ́ ẹ kọ síwájú káàdì, kí lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan hàn. Báyìí:

Iwájú: *Far from calming the crowd, the apology only e______ their anger.*

Ẹ̀yìn: *exacerbated*. Ó mú un le sí i. Àmì −. Àwọn tó jọ ọ́: *aggravate, inflame*. Òdì: *alleviate, assuage*.

Kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀yìn káàdì bá gùn tó ojú ìwé, ojú yín á máa sáré kọjá lórí rẹ̀ ni.

Anki, áàpù tó ń gbé káàdì padà wá fún àtúnyẹ̀wò, ni kẹ́ ẹ lò. Ọ̀fẹ́ ni lórí kọ̀ǹpútà àti lórí Android, owó ni wọ́n ń gbà lórí iPhone. Bí ẹ bá ṣí i, ọ̀rọ̀ tuntun 20 lójúmọ́ ni wọ́n ti tò sínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ wọ ibi ètò rẹ̀, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di 10. Ìdí ni pé ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ́ lónìí á padà wá lọ́la, á padà wá ní bí ọjọ́ mẹ́ta, ní ọ̀sẹ̀ kan, ní bí ọ̀sẹ̀ méjì, ní oṣù kan. Pẹ̀lú 10 lójúmọ́, bó bá fi máa tó oṣù kan, káàdì àtúnyẹ̀wò yín lè tó 50 tàbí 60 lójúmọ́. Ìyẹn ṣeé ṣe nínú mọ́tò tàbí nídìí ẹ̀rọ amúnáwá. Pẹ̀lú 20, á lé ní 100, ọjọ́ méjì tí ẹ kò bá fọwọ́ kàn án, ó ti di gbèsè. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní Anki kò ṣiṣẹ́ fún àwọn, gbèsè yìí ló lé wọn sá.

Ẹ ṣọ́ra fún bọ́tìnì *Hard*. Ohun tó ń sọ fún Anki ni pé ẹ rántí ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ ó gba agbára. Bí ẹ bá gbàgbé, *Again* ni kẹ́ ẹ tẹ̀. Ẹni tó bá ń tẹ *Hard* nígbà tó gbàgbé ń purọ́ fún áàpù náà, ọ̀rọ̀ yẹn á sì máa jìnnà sí i lọ. Bí ẹ bá kùnà káàdì kan nígbà mẹ́jọ, Anki á pè é ní *leech*, ó sì lè dá a dúró fúnra rẹ̀ bí ètò rẹ̀ bá wà bẹ́ẹ̀. Ẹ má kàn tú u sílẹ̀ padà. Ẹ yí gbólóhùn rẹ̀ padà, torí gbólóhùn náà ni kò mú ọ̀rọ̀ náà dání.

Ẹ má ṣe kọ́ ọ̀rọ̀ méjì tó jọra lọ́jọ́ kan náà. *Ingenious* ni ẹni tó ní ọgbọ́n àtinúdá, *ingenuous* ni ẹni tí kò ní ẹ̀tàn. *Venal* ni ẹni tó ń gba rìbá, *venial* ni ẹ̀ṣẹ̀ kékeré tó ṣeé foríjì. Ẹni tó bá kọ́ méjèèjì pa pọ̀ lọ́jọ́ kan á máa dà wọ́n pọ̀ títí ọjọ́ ìdánwò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀kan rẹsẹ̀ wálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan kí èkejì tó dé. Ibi tí kíkọ́ láti A dé Z ti ń ba nǹkan jẹ́ gan-an nìyẹn, torí àwọn tó jọra ló ń tò tẹ̀ léra wọn.

Bí iná tàbí bátìrì bá ń dá yín dúró, ẹ lo páálí. Àpòòwé márùn-ún tó, bí Sebastian Leitner ará Jámánì ṣe là á sílẹ̀ láwọn ọdún 1970. Ọ̀rọ̀ tuntun wọ àpòòwé kìíní, ẹ ń wò ó lójoojúmọ́. Èyí tí ẹ bá gbà bọ́ sí èkejì, tí ẹ ń wò ní ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta, ẹ sì ń fi ààyè sí i bí ó ṣe ń lọ. Èyí tí ẹ bá kùnà padà sí kìíní, ibi yòówù kó ti wà.

Oṣù mẹ́ta tí ẹ ní: ọ̀rọ̀ 10 lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Ìyẹn ni 600. Ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn, ẹ má fi tuntun kankan kún un.

Adéwálé_Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti ń ṣe káàdì. Ẹ jọ̀ọ́, Sentence Equivalence nìkan ló kù. Mo máa ń wá ọ̀rọ̀ méjì tí ìtumọ̀ wọn bára mu, mo mú wọn, síbẹ̀ ó máa ń jẹ́ àṣìṣe. Kí ló fà á?

Tíṣà_Verbal fèsì:

Wíwá ìbejì lákọ̀ọ́kọ́ ló fà á. Wọ́n mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ lẹ máa ṣe, wọ́n sì ti gbé ìbejì èké síbẹ̀ dè yín. Ẹ wo èyí:

*Although the critic was known for her ______ reviews, she wrote of the new play with unexpected warmth.*

*caustic, laudatory, verbose, acerbic, effusive, meticulous*

Ẹ fọwọ́ bo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. *Although* sọ fún yín pé apá kejì tako apá kìíní. Apá kejì ni *warmth*, tí wọ́n sì ní kò sẹ́ni tó retí rẹ̀. Nítorí náà ohun tí wọ́n mọ obìnrin náà mọ́ ni òdì ọ̀yàyà. Ẹ sọ ọ̀rọ̀ tiyín sínú àlàfo náà, kó tilẹ̀ jẹ́ Yorùbá: ẹnu rẹ̀ mú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń ta ni. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni kẹ́ ẹ ṣí ọwọ́. *Caustic* àti *acerbic* ló bá a mu. *Laudatory* àti *effusive* sún mọ́ ara wọn dáadáa, ìyìn ni méjèèjì, ṣùgbọ́n òdì ohun tí gbólóhùn ń fẹ́ ni wọ́n. Àwọn lẹ ń mú. *Verbose* àti *meticulous* kò ní ẹnìkejì nínú mẹ́fà náà, wọ́n kàn kó wọn síbẹ̀ ni.

Pàkúté kejì tún wà: ọ̀rọ̀ kan lè wọ inú gbólóhùn dáadáa, kó má ní ẹnìkejì tó máa mú gbólóhùn náà sọ ohun kan náà. Ẹ fi í sílẹ̀, bó ti wù kó dùn létí tó.

Kò sí máàkì àbọ̀. Ọ̀kan tọ̀nà, ọ̀kan kò tọ̀nà, òdo ni. Bákan náà ni fún Text Completion alálàfo mẹ́ta. Ẹ rántí pé máàkì kan náà ni gbogbo ìbéèrè ní nínú ìsọ̀rí kan. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí alálàfo mẹ́ta kan gba ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́wọ́ yín nígbà tí alálàfo kan ń dúró. Ẹ tẹ bọ́tìnì *Mark* láti fi àmì sí i, ẹ máa lọ, ẹ padà wá bí àkókò bá ṣẹ́ kù. Àmọ́ ẹ má fi ìbéèrè kankan sílẹ̀ lófìfo, wọn kì í yọ máàkì fún àṣìṣe. Bí ẹ bá mú ohun tó wù yín, anfààní yín jẹ́ 1 nínú 5 fún alálàfo kan, 1 nínú 15 fún Sentence Equivalence, 1 nínú 27 fún alálàfo mẹ́ta. Ẹ fi ìyẹn mọ èyí tó yẹ kẹ́ ẹ jà fún.

Ìṣẹ́jú kan fún Sentence Equivalence kọ̀ọ̀kan tó. Àyọkà ló nílò ìṣẹ́jú tí ẹ bá fi pamọ́.

Ìyá_Gbọ̀ngàn fèsì:

Ọmọ mi, o béèrè bóyá kí o kọ Yorùbá sẹ́yìn káàdì, n ò gbà á pátápátá. Fún ìhà ọ̀rọ̀, bóyá ìyìn ni tàbí àbùkù, ó dára gan-an, "ahun" yára sọ ohun tí gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì gígùn fẹ́ sọ. Ṣùgbọ́n wo "olóríkunkun". *Obstinate, recalcitrant* àti *intransigent* ni yóò kó sínú rẹ̀. *Recalcitrant* ń kọ̀ sí aláṣẹ lẹ́nu, *intransigent* kò fẹ́ kí ẹni tí wọ́n jọ ń dúnàá-dúrà rí ohunkóhun gbà. Bí Yorùbá nìkan bá wà níbẹ̀, ìyàtọ̀ yẹn á sọnù. Kọ ọ́, ṣùgbọ́n kí àlàyé Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Gẹ̀ẹ́sì tí a ń sọ nílé náà gba àkíyèsí. *Severally* lẹ́nu wa ni "lọ́pọ̀ ìgbà". Nínú ìwé, "lọ́kọ̀ọ̀kan" ni. *Sanction* nínú ìwé ìròyìn wa fẹ́rẹ̀ẹ́ máa jẹ́ ìjìyà ní gbogbo ìgbà, GRE sì lè lò ó fún ìfọwọ́sí. *Disinterested* ni ẹni tí kò gbè sápá kan, bí adájọ́ rere, kì í ṣe ẹni tí nǹkan kò wù. *Table* nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni kí a gbé ọ̀rọ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀, ní Amẹ́ríkà ni kí a gbé e tì. Nítorí náà díkíṣọ́nárì Amẹ́ríkà ni kí o máa wò. Merriam-Webster wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí o sì máa ka àpilẹ̀kọ gígùn kan lójúmọ́, irú èyí tó wà nínú The Atlantic tàbí Scientific American. Mú gbólóhùn káàdì rẹ láti ibẹ̀. Gbólóhùn tí o rí níbi tí ẹnì kan ti ń jiyàn máa ń dúró lọ́kàn ju èyí tí díkíṣọ́nárì ṣe lọ. ETS ní ìdánwò àyẹ̀wò méjì lọ́fẹ̀ẹ́ lórí POWERPREP, ètò ìgbaradì tiwọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣe ọ̀kan báyìí, kí o sì fi èkejì pamọ́ di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú.

Ọmọ_Aké:

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un, torí mo rí i pé èèyàn máa ń bọ́ sínú rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ má kó wọn dà sínú àròkọ. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún àròkọ tí wọ́n ń pè ní Issue, 0 sí 6 sì ni máàkì rẹ̀. Bí èrò yín ṣe yè kooro tó àti bí àpẹẹrẹ yín ṣe gbè é lẹ́sẹ̀ tó ni wọ́n ń wò. *Mitigate* tí ẹ lò síbi tó yẹ dára. *Meretricious* tí ẹ lò síbi tí *false* ti tó, tí kò sì bá ohun tó tẹ̀ lé e mu, yóò ba gbólóhùn tó dára tẹ́lẹ̀ jẹ́.

Káàdì_Lójoojúmọ́:

Bẹ́ẹ̀ ni. Àti pé bí ẹ bá ń ṣe ìdánwò àyẹ̀wò, ìbéèrè tí ẹ bá kùnà, ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà kan: Ọ bí ẹ kò bá mọ ọ̀rọ̀ náà rárá, K bí ó bá jẹ́ ìtumọ̀ kejì ni ẹ kò mọ̀, G bí ẹ bá mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí gbólóhùn tàn yín. Ọ àti K ni kó di káàdì. G kì í ṣe iṣẹ́ káàdì: ẹ tún gbólóhùn náà kà, ẹ fa ilà sábẹ́ ọ̀rọ̀ tó yí i padà, irú *although, hardly, despite, far from*, kẹ́ ẹ sì dá a dáhùn lẹ́ẹ̀kan sí i láìwo àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n tò. Bí G bá pọ̀ ju àwọn tó kù lọ, ẹ dín ọ̀rọ̀ tuntun kù sí 5 lójúmọ́, kẹ́ ẹ fi àkókò tó ṣẹ́ kù ṣiṣẹ́ lórí gbólóhùn.